Oògùn Adìẹ àti Oògùn Ènìyàn: Bí Kòkòrò Àrùn Inú Ẹran Ṣe Ń Borí Oògùn

Bí ènìyàn bá wọ ọjà ńlá èyíkéyìí ní ilẹ̀ Yorùbá lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ìsọ̀ tí a ti ń ta oúnjẹ adìẹ àti oògùn adìẹ. Orí pẹpẹ ìsọ̀ náà ni yóò ti rí àwọn páálí kéékèèké tí ìyẹ̀fun oògùn wà nínú wọn. Olósìn adìẹ yóò ra ọ̀kan, yóò pò ó mọ́ omi, yóò sì gbé e fún àwọn adìẹ rẹ̀ mu. Kò sí ẹni tí yóò bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe adìẹ náà. Òun pàápàá lè má mọ̀ ọ́n. Ní ìsọ̀ kẹta sí ibẹ̀, abiyamọ kan lè dúró níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ènìyàn, kí ó máa ra kápùsù fún ọmọ rẹ̀ tí ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé oògùn tí ó wà nínú páálí olósìn adìẹ àti èyí tí ó wà lọ́wọ́ abiyamọ náà lè jẹ́ ọmọ ìyá kan náà, bí wọn kì í bá tilẹ̀ ṣe ọ̀kan náà gan-an. Bí ọ̀kan bá di aláìlágbára, èkejì lè bá a di bẹ́ẹ̀. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa, àti fún ẹ̀yin tí a ń ka ìwé yìí sí létí.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú kòkòrò tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe ìdin, kì í ṣe eṣinṣin, kì í sì í ṣe aràn. Wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí wọn, àfi bí a bá lo ẹ̀rọ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Mẹ́ta nínú wọn ni a máa ń dárúkọ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹran àti adìẹ: Salmonella, Campylobacter, àti èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní E. coli. Inú ìfun adìẹ, màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ ni wọ́n ń gbé. Adìẹ tí ó gbé wọn sínú lè sanra, kí ìyẹ́ rẹ̀ máa dán, kí ó sì máa jẹun dáadáa, láìsí àmì àìsàn kankan lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun ti yẹ adìẹ òun wò dáadáa kí òun tó san owó rẹ̀, òtítọ́ ni ó sọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó yẹ kí ó rí kò ṣeé fi ojú rí.

Níbi tí a bá ti ń pa ẹran ni kòkòrò wọ̀nyí ti ń bọ́ sórí ẹran. Bí ọ̀bẹ bá ṣèèṣì la ìfun, tàbí bí a bá ń ti adìẹ 30 tàbí 40 bọ inú omi gbígbóná kan náà láti tu ìyẹ́ wọn, ohun tí ó wà nínú ọ̀kan ti di ti gbogbo wọn. Láti ibẹ̀ yóò dé orí pátákó alápatà, yóò dé ọwọ́ ẹni tí ń gé ẹran, yóò sì dé ilé ìdáná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò ní ọdún 2015 pé nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ènìyàn ni oúnjẹ tí kò mọ́ ń dá àìsàn sí lára lọ́dọọdún, àti pé 420,000 nínú wọn ni ó ń kú. Nínú àwọn tí ó ń kú wọ̀nyí, 125,000 ni ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5. Kì í ṣe kòkòrò mẹ́ta tí a dárúkọ yìí nìkan ni ó ń fà á, ṣùgbọ́n ipa tiwọn kò kéré.

Ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n bá mú ni inú yóò máa run, tí yóò máa ya ìgbẹ́ gbuuru, tí ara rẹ̀ yóò sì máa gbóná fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ yóò yá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò kápùsù kankan. Omi ni ó nílò, omi tí a fi iyọ̀ àti ṣúgà sí ní ìwọ̀n tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ wa. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ ọwọ́, ọ̀tọ̀ ni ti arúgbó, ọ̀tọ̀ sì ni ti ẹni tí ó ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Lára àwọn wọ̀nyí, Salmonella lè kúrò nínú ìfun kí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀. A sì mọ̀ pé lára àwọn tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ó máa ń wọ inú egungun pàápàá. Nígbà tí ó bá dé ibẹ̀, omi oníyọ̀ kò tó mọ́. Oògùn apakòkòrò ni ó lè gba ẹ̀mí aláìsàn náà là, bí oògùn náà bá ṣì ń ran kòkòrò náà. Inú "bí" yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà.

BÍ OÒGÙN ṢE Ń PÀDÁNÙ AGBÁRA RẸ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣòro láti yé àgbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbà pé ẹnì kan ní oko tí oríṣiríṣi koríko wà nínú rẹ̀, tí koríko ẹ̀kan díẹ̀ sì wà láàrin wọn. Ó fi ọkọ́ ha orí ilẹ̀, kò wa gbòǹgbò. Gbogbo koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìnlẹ̀ kú. Ẹ̀kan kò kú. Nígbà tí òjò bá rọ̀, ẹ̀kan ni yóò kọ́kọ́ hù, kò sì ní sí koríko mìíràn tí yóò bá a du ilẹ̀ mọ́. Bí ọkùnrin náà bá tún ha á bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá wá wo oko náà yóò rò pé ẹ̀kan ni ó gbìn síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí nínú ìfun adìẹ. Kòkòrò tí ó wà níbẹ̀ kò lóǹkà, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn ní ìwà kan tí kò jẹ́ kí oògùn ràn wọ́n. Òmíràn ní ohun tí ó fi ń gé oògùn náà sí wẹ́wẹ́ kí ó tó ṣiṣẹ́. Òmíràn ní ohun tí ó fi ń tú oògùn náà dànù bí ìgbà tí apẹja ń fi igbá gbọ́n omi kúrò nínú ọkọ̀. Bí oògùn bá dé, àwọn tí kò ní ìwà yìí yóò kú. Èyí tí ó ní in yóò wà láàyè, yóò sì máa bí sí i. E. coli kan lè di méjì láàrin nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú bí ibi tí ó wà bá bá a lára mu. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: èyí tí ó jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo ní ìrọ̀lẹ́ lè ti di àìmọye kí àkùkọ tó kọ.

A fẹ́ tún ohun kan ṣe níhìn-ín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ pé, "Ara mi ti mọ oògùn yẹn," bí ẹni pé ara ni ó yí padà. Ara kò yí padà. Kòkòrò tí ó wà nínú ara ni ó ti di irú mìíràn, ó sì lè kúrò lára ẹni tí ó lo oògùn lọ sí ara ẹni tí kò lo oògùn náà rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i. Ìdí nìyí tí kò fi ṣeé sọ pé, "Adìẹ tèmi ni mo fún, kò kan ẹlòmíràn."

Alexander Fleming, ẹni tí ó rí pẹnisílínì ní ilé ìwòsàn St Mary's ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1928, kìlọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí nínú ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní oṣù Kejìlá ọdún 1945. Ó ní bí a bá fún kòkòrò ní oògùn tí kò tó láti pa á, ńṣe ni a ń sọ ọ́ di èyí tí oògùn náà kò ní ràn mọ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí Fleming alára kò tí ì mọ̀ nígbà náà. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Japan rí i pé kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn tí ó wà lára àwọn aláìsàn wọn ń borí oríṣi oògùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 1959 wọ́n fi hàn pé kòkòrò kan lè gbé ìwà yìí fún kòkòrò mìíràn, bí wọn kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yà kan náà, E. coli lè gbé e fún kòkòrò ìgbẹ́ ọ̀rìn. A kò tí ì rí ẹ̀kan tí ó kọ́ ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ bí a ti ń ta gbòǹgbò sísàlẹ̀ ilẹ̀, ṣùgbọ́n kòkòrò ń kọ́ ara wọn. Nítorí èyí, E. coli inú adìẹ tí kì í ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi lè wá di ewu, nítorí òun ni yóò gbé ohun ìjà fún èyí tí ń ṣe ibi.

OHUN TÍ Ó GBÉ OÒGÙN DÉ INÚ OÚNJẸ ADÌẸ

Ní ìparí àwọn ọdún 1940, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Thomas Jukes àti Robert Stokstad, ń wá ohun tí yóò mú òròmọdìẹ dàgbà kíákíá. Wọ́n fi ohun tí ó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí a ti ṣe oògùn Aureomycin, tí ó jẹ́ ẹbí tẹtirasáíkílìn, sí oúnjẹ àwọn òròmọdìẹ, àwọn wọ̀nyí sì dàgbà ju ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 1951, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i pé kí a máa fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ sí oúnjẹ ẹran ọ̀sìn. Láti ibẹ̀ ni àṣà náà ti tàn ká gbogbo ayé. Ẹ ṣàkíyèsí pé kì í ṣe nítorí àìsàn. Díẹ̀díẹ̀ ni, lójoojúmọ́ ni, fún ẹran tí ara rẹ̀ le koko: àfi bí ẹni pé a mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe ohun tí Fleming ní kí a má ṣe.

Ìgbìmọ̀ kan tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yàn lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Swann dá a lábàá ní 1969 pé kí a má ṣe máa fi oògùn tí ènìyàn ń lò mú ẹran sanra. Sweden fòfin de gbogbo irú àṣà bẹ́ẹ̀ ní 1986. Ó sì di òfin fún gbogbo orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2006. Láti 1969 sí 2006, ọdún 37 ni. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìlera ṣe máa ń pẹ́ tó nígbà tí owó bá wà ní ìdí rẹ̀.

Ọ̀ràn kan wà tí ó yẹ kí a sọ ní kíkún, nítorí pé ó fi ọ̀nà tí ewu náà ń gbà hàn kedere. Ní 1995 àti 1996, ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí a máa pò oògùn méjì, sarafloxacin àti enrofloxacin, mọ́ omi tí adìẹ ń mu. Ọmọ ìyá ciprofloxacin ni wọ́n, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Cipro ní ìsọ̀ kẹ́mísítì. Ìdí tí wọ́n fi gbà á kò burú: E. coli kan wà tí ń pa adìẹ, wọ́n sì fẹ́ wò ó sàn. Ṣùgbọ́n nínú ilé tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún adìẹ wà, kò sí bí a ti ṣe lè mú aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan kí a fún un ní oògùn. Bí díẹ̀ bá ń ṣàìsàn, gbogbo wọn ni yóò mu ún. Nínú ìfun gbogbo adìẹ wọ̀nyí sì ni Campylobacter ti jókòó sí jẹ́jẹ́, tí kò ṣe adìẹ ní nǹkan kan, tí ẹnikẹ́ni kò sì torí rẹ̀ fún wọn ní oògùn. Òun náà mu nínú oògùn náà. Èyí tí oògùn náà ràn nínú wọn kú, èyí tí kò ràn kù, òun ni ó sì bá ẹran lọ sí ọjà.

Ní ìpínlẹ̀ Minnesota, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń yẹ Campylobacter tí ó wá láti ara àwọn aláìsàn wò lọ́dọọdún. Ní 1992, 1.3 nínú ọgọ́rùn-ún ni àwọn oògùn ẹbí Cipro kò ràn. Nígbà tí ó fi di 1998, ó ti di 10.2 nínú ọgọ́rùn-ún. Òtítọ́ ni pé púpọ̀ nínú àwọn aláìsàn náà ti rin ìrìn-àjò lọ sí òkè òkun, níbi tí wọ́n ti kó o. Ṣùgbọ́n láàrin àwọn tí kò jáde nílé pàápàá, iye náà ń pọ̀ sí i. Nígbà tí a sì ra ẹran adìẹ ní àwọn ìsọ̀ ìlú náà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, irú kòkòrò kan náà ni a rí lára rẹ̀. Ní ọdún 2000, ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní kí a kó oògùn méjèèjì kúrò. Ẹni tí ń ṣe ọ̀kan gbà. Ẹni tí ń ṣe èkejì kò gbà, ó sì gbé ẹjọ́ náà dúró títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005 kí àṣẹ náà tó múlẹ̀. Kòkòrò kò dúró de ẹjọ́. Títí di ìgbà tí a kó oògùn náà kúrò, ó ti ta gbòǹgbò, kò sì parẹ́ lẹ́yìn náà. Ní Australia, níbi tí ìjọba kò ti fìgbà kan gbà kí a fi irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún adìẹ, irú kòkòrò yìí kéré púpọ̀ nígbà náà.

Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó máa ń pẹ́ jù. Ní Quebec, ní ilẹ̀ Kánádà, àwọn tí ń pa ẹyin di òròmọdìẹ a máa fi oògùn kan tí à ń pè ní ceftiofur gún ẹyin kí ó tó pa. Ẹbí oògùn tí dókítà ń fún aboyún àti ọmọdé tí Salmonella bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ni. Nígbà tí ó hàn pé Salmonella tí oògùn náà kò ràn ń pọ̀ sí i lára ẹran àti lára ènìyàn, àwọn olósìn náà fúnra wọn dá a dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ 2005. Láàrin 2004 sí 2006, nínú irú Salmonella kan tí à ń pè ní Heidelberg, àwọn tí oògùn náà kò ràn lára ẹran adìẹ ọjà sọ̀ kalẹ̀ láti 62 nínú ọgọ́rùn-ún sí 7. Lára àwọn aláìsàn, láti 36 sí 8. Nígbà tí àwọn kan tún bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní 2007, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gòkè. Kò sí ẹ̀rí tí ó lè ṣe kedere ju èyí lọ.

Èyí tí ó kó ìpayà bá àwọn dókítà jù lọ ni ti oògùn colistin. Oògùn àtijọ́ ni, tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tì nítorí pé ó máa ń pa kíndìnrín lára. Nígbà tí àwọn oògùn tuntun bẹ̀rẹ̀ sí kùnà, àwọn ilé ìwòsàn padà sí i gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà ìkẹyìn. Kò sì sí ẹni tí ó kíyè sí i pé, ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi pa á tì nílé ìwòsàn, inú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ ni ó wà. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ China kéde pé àwọn ti rí E. coli tí colistin kò ràn lára ẹlẹ́dẹ̀, lára ẹran adìẹ tí a ń tà, àti lára àwọn aláìsàn. Pé ìwà yìí sì jẹ́ irú èyí tí kòkòrò kan lè gbé fún èkejì. Láàrin ọdún díẹ̀, a ti rí i káàkiri ayé, Nàìjíríà kò sì gbẹ́yìn. China fòfin de fífi colistin mú ẹran sanra ní 2017, lẹ́yìn èyí ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí dín kù lára ẹran àti lára ènìyàn.

NÍLÉ WA ŃKỌ́?

Ní 2011, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn irú Salmonella kan tí à ń pè ní Kentucky. Orúkọ ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà ni ó ń jẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀bi ìpínlẹ̀ náà nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí apá Íjíbítì ni a ti kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ẹ̀yà tí Cipro kò ràn nínú rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni ó ti tàn kálẹ̀ ní Áfíríkà, a sì ti rí i lára adìẹ àti tòlótòló ní Ethiopia, Morocco àti Nàìjíríà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ iye ìgbà tí wọ́n ń kọ Cipro fún ènìyàn nítorí ibà táífọ́ọ̀dù àti inú rírun, ẹ ó mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì ṣírò iye ènìyàn tí kòkòrò tí oògùn kò ràn pa ní gbogbo ayé ní 2019, wọ́n rí i pé wọ́n tó 1.27 mílíọ̀nù, àti pé apá ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni ìpín tiwa nínú ikú náà ti ga jù lọ bí a bá fi wé iye ènìyàn tí ń gbé ibẹ̀.

Ìjọba Àpapọ̀ gbé ìlànà orílẹ̀-èdè jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2017. Ṣùgbọ́n ìlànà kò lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé adìẹ kọ̀ọ̀kan. A kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé olósìn adìẹ ni a ń dá lẹ́bi. Ẹni tí ó yá owó ra 200 òròmọdìẹ, tí ó jí ní òwúrọ̀ tí ó bá 15 nílẹ̀ ní òkú, kò ní àyè láti máa ro ti kòkòrò. Dókítà ẹran lè jìnnà sí i; ìsọ̀ oògùn kò jìnnà. Bí ó bá sì na owó lórí oògùn tí àwọn tí ó kù sì yè, oògùn ni yóò fi ọpẹ́ fún.

Ibẹ̀ gan-an ni ó ti máa ń ṣìnà. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí ń pa adìẹ wa kì í ṣe irú kòkòrò tí oògùn apakòkòrò ń ràn. Àrùn Newcastle, tí àwọn baba wa ń pè ní lúkúlúkú, àti àrùn Gumboro, irú kòkòrò mìíràn tí à ń pè ní fáírọ́ọ̀sì ni ó ń fà wọ́n. Tẹtirasáíkílìn kò lè ṣe wọ́n ní nǹkan kan, bí a tilẹ̀ fi garawa bù ú fún adìẹ. Owó lọ, adìẹ kú, kòkòrò mìíràn tí ó wà nínú ìfun sì ti kọ́ ìwà burúkú. Ohun tí ó wà fún lúkúlúkú àti Gumboro ni àjẹsára, tí a ń fún wọn nígbà tí ara wọn ṣì le. Iléeṣẹ́ ìwádìí nípa àrùn ẹranko tí ó wà ní Vom, lẹ́bàá ìlú Jos, tí a dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe é ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín. Bí a bá ṣírò iye tí olósìn adìẹ ń ná lórí ìyẹ̀fun oògùn láàrin ọdún kan, a ó rí i pé owó àjẹsára kéré sí i. Ilé tí atẹ́gùn ń wọ̀, tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ, tí adìẹ kò há jù níbẹ̀, tí ẹni tí ó wọlé sì ń pààrọ̀ bàtà, yóò gba ẹ̀mí adìẹ là ju oògùn lọ.

Bí dókítà ẹran bá sì ti fún wọn ní oògùn nítorí àìsàn tí ó mọ̀, kí a fún wọn tó iye tí ó sọ, títí ọjọ́ tí ó dá yóò fi pé. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó pa adìẹ náà tàbí kí a tó ta ẹyin rẹ̀. Ara páálí oògùn ni wọ́n ń kọ ọ́ sí, iye ọjọ́ náà sì yàtọ̀ láti oògùn dé oògùn. Ọ̀pọ̀ olósìn ló máa ń ta adìẹ kíákíá nígbà tí ó bá ṣàìsàn, kí ó má baà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí ó rà á ni ó ra oògùn náà pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí a má ṣe da ohun méjì pọ̀ o: oògùn tí ó kù sínú ẹran jẹ́ ọ̀ràn kan, kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ jẹ́ òmíràn. Bí a bá dúró de iye ọjọ́ tí wọ́n kọ, ti àkọ́kọ́ yóò tán. Ti èkejì lè ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ wà nídìí àdògán, ìròyìn ayọ̀ kan wà fún yín. Iná kò mọ kòkòrò tí oògùn ràn yàtọ̀ sí èyí tí oògùn kò ràn. Ìkòkò tí ó hó dáadáa, tí ẹran inú rẹ̀ jinná dé egungun, yóò pa gbogbo wọn. Ọbẹ̀ wa tí à ń sè pẹ́ ti ń dáàbò bò wá láti ọjọ́ pípẹ́. Ewu wà nínú adìẹ tí a dín lójú tí inú rẹ̀ ṣì pọ́n, àti nínú súyà tí iná kò dé àárín rẹ̀. Ewu tí ó tún ju èyí lọ wà kí ẹran tó dé inú ìkòkò: ọ̀bẹ tí a fi gé adìẹ tútù tí a tún fi rẹ́ tòmátì tí a kò ní sè, ọwọ́ tí a fi fọ ìfun tí a tún fi gbé ọmọ lọ́mú, omi tí a fi ṣan ẹran tí ó ta sára abọ́ mímọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fọ ẹran, kí ẹ fọ̀ ọ́ nínú abọ́ tí ó jìn, kí omi má baà ta káàkiri, kí ẹ da omi náà nù jìnnà sí ibi tí ọmọdé ti ń ṣeré, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ọ̀bẹ àti pátákó. Àwọn kan gbàgbọ́ pé yìnyín ń pa kòkòrò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ó ń mú un sùn. Adìẹ oníyìnyín tí àwọn kan ń gbé gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé láti Kútọnu, láìka òfin sí, kò mọ́ ju adìẹ tí a pa lónìí lọ. Bí yìnyín náà bá sì ti yọ́ lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, a jẹ́ pé kòkòrò inú rẹ̀ ti jí, ó sì ti pọ̀ sí i.

Ìgbẹ́ adìẹ náà kò gbọ́dọ̀ bọ́ lẹ́nu wa. Ajílẹ̀ rere ni, àwọn olóko ẹ̀fọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá kó o tútù láti ilé adìẹ dà sórí ebè tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ̀, kòkòrò tí ó wà nínú rẹ̀ ti gba ọ̀nà mìíràn dé ọjà. Kí a kó o jọ ní òkìtì sí ibi tí kò sún mọ́ kànga tàbí odò, kí a bò ó, kí a máa yí i, kí a sì jẹ́ kí ó gbóná nínú, kí ó sì jẹrà títí yóò fi dúdú tí kò ní rùn mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí a tó gbé e lọ sí oko.

Olósìn tí adìẹ rẹ̀ bá ń kú láìmọ ìdí, kí ó lọ rí òṣìṣẹ́ ìlera ẹran ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sí ìsọ̀ oògùn. Kí ó mú adìẹ kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú lọ́wọ́, kì í ṣe èyí tí ó ti wú, kí ó fi ọ̀rá méjì wé e, kí ó sì rántí ọjọ́ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀, iye tí ó ti kú, àti orúkọ oògùn èyíkéyìí tí ó ti fún wọn. Bí kò bá lè ka orúkọ oògùn náà, kí ó mú páálí rẹ̀ dání.